Àwọn Àgbà Orí Àtẹ̀gùn

Kí n tó mọ orúkọ ẹnikẹ́ni ní London, mo ti mọ ojú àwọn ọkùnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kú. Iṣẹ́ mi ni láti máa nu eruku ojú wọn.

Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi mí sí. Ẹgbẹ́ kọ́ńtì kan ló ni ín. Kọ́ńtì lòyìnbó ń pe àgbègbè ńlá bí ìpínlẹ̀ tiwa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ẹgbẹ́ eléré tirẹ̀, wọ́n sì ti ń bá ara wọn figagbága láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Láti Peckham, níbi tí mo háyà yàrá kan sí, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gbé mi débẹ̀ láàárọ̀. Ilé alájà mẹ́ta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà, ibẹ̀ làwọn eléré ti ń múra. Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn títí dókè, fọ́tò àwọn tó ti ṣeré fún ẹgbẹ́ náà ló kún ara ògiri: àwọn onírùngbọ̀n bí ìgbálẹ̀, àwọn tó dé fìlà pẹlẹbẹ, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì hu irun kan lágbọ̀n, títí dórí àwọn ti òde òní tí eyín wọn ń dán.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú bákẹ́ẹ̀tì àti àkísà lọ́wọ́, gbogbo ojú wọ̀nyẹn sì kọ sí mi. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi tẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà." Ẹ má bínú, ọmọ Ìwó ni mí. Wọn ò kọ́ mi pé kí n wọ ilé onílé, kí n rí àgbà lójúkojú, kí n wá kọjá bí ewúrẹ́ tó wọlé tí kò kágò.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nílùú yìí. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé èèyàn lè kí èèyàn kí onítọ̀hún má dáhùn, kó má sì sí ìjà láàárín wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo àwọn tó wà ní ibùdókọ̀. Obìnrin kan di báàgì rẹ̀ mú gírí. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́, mo tún bẹ̀ ẹ́, ló bá bọ́ sí òdì kejì títì.

Òótọ́ ni pé Yorùbá pọ̀ ní Peckham. Tó o bá gba Rye Lane kọjá, wàá gbọ́ "Aunty, ẹ wá wo ẹja tútù" àti "Sister, iṣu tuntun ti dé." Ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń sáré. Onílé mi, Mummy Ṣọlá, ìyá ìjọ aláṣọ funfun kan tó ń tọ́jú arúgbó ní ilé ìtọ́jú, máa ń jáde kí n tó jí, èmi náà á ti sùn kí wọ́n tó dé. Ìwé pélébé lára fíríìjì la fi ń kí ara wa. Wọ́n á kọ ọ́ pé: "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Má jẹ ẹja orí ńlá yẹn, ti Wòlíì ni." Mo ṣì ní díẹ̀ nínú ìwé wọ̀nyẹn.

Àwọn ọkùnrin orí àtẹ̀gùn nìkan ni mò ń kí tí wọn kì í gbójú kúrò lára mi.

Nǹkan kejì tó yà mí lẹ́nu ni koríko. Koríko ni mo ní o. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń fi irin ńlá yí i mọ́lẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ wò ó bíi ẹni tó ń wo aláìsàn. Bí òjò bá ṣú, ọkùnrin mẹ́sàn-án á sáré jáde wá fi tapólì bo koríko, òjò á sì máa pa àwọn fúnra wọn. Nílé wa, aṣọ tí a sá àti àgbàdo la máa ń sáré kó wọlé. Mo sọ ọ́ fún Màámi lórí fóònù. Mo tún sọ fún wọn pé eré náà ń gba ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á jẹ oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á mu tíì, ó sì lè parí kí ẹnikẹ́ni má borí.

Màámi ní, "Ọjọ́ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó borí? Ẹjọ́ ilẹ̀ nìyẹn, kì í ṣeré."

Ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni Àríkẹ́, ọmọ mi, nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màámi. Mi ò ní sọ bí mo ṣe wá. Ẹni tó bá ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá rìn ín, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ ti gba Ìbàdàn lọ fẹ́ ẹlòmíràn kí ọmọ náà tó hu eyín. Ìwé sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ, kò sì sí iṣẹ́ tí ìwé náà lè fún mi ní Ìwó tó máa bọ́ ọmọ. Ohun tí mo rántí jù ni pé ó ń sùn nígbà tí mo jáde, mo sì dúpẹ́ pé ó ń sùn. Mo ti tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi nítorí ọpẹ́ yẹn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni mò ń pè wọ́n. Nígbà tó ṣì kéré, ó máa ń fi ẹnu ko fóònù, gbogbo ohun tí mo bá rí lójú fóònù tèmi á kàn jẹ́ ètè. "Mummy London" ni Màámi kọ́ ọ kó máa pè mí. Mo gba ìyẹn. Ó dà bí oyè.

Lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, Màámi gbé fóònù kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n pè é láti ẹ̀yìnkùlé pé kó wá kí mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Ojú rẹ̀ yọ, ó ti gùn sí i, irun orí rẹ̀ ti di ṣùkú.

"Ẹ káàsán, Aunty."

"Ta ni Aunty rẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

"Èmi kọ́. Mummy rẹ ni mí. Èmi ni mo bí ọ."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bíi ẹni tó ń wá ẹni tí mò ń bá wí. Ó ní, "Mummy wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń dín àkàrà. Ṣé kí n bá yín pè wọ́n?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló pa mí.

Mo wá ṣe ohun tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Mo pinnu pé tó bá pè mí ní Aunty, mi ò ní dáhùn. Mo rò pé màá fi ṣe ẹ̀kọ́ fún un. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ó ní, "Aunty." Mo dákẹ́. Ó tún ní, "Aunty, ẹ káàsán mà." Mo dákẹ́, mo ń wò ó. Ó yí fóònù síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Mummy, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ò dáa," ó sì gbé e fún Màámi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún Sọ́ńdè mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹrin, wọ́n ní ó ti lọ ṣeré nílé kejì.

Inú bí Màámi. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló kó sí ọ lórí? Ọmọ ń kí ọ, o fẹnu mọ́nu! Ìwọ ńkọ́? Kí lò ń pe èmi títí o fi wọ ìwé kẹfà? Ṣebí Ṣìsí ni, torí ohun tí àwọn àbúrò bàbá rẹ ń pè mí nìyẹn. Ìyá àgbà lò ń pè ní Ìyá. Ǹjẹ́ mo dá ọ́ padà sínú?"

Mo ní, "Màámi, inú ilé kan náà la wà nígbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wẹ̀ mí láàárọ̀."

Wọ́n wá ní, "Òótọ́ nìyẹn. Òótọ́ burúkú ni."

Àárín ìgbà náà gan-an ni ìwé fíṣà Àríkẹ́ jáde. Ọdún wo ni mo ti ń wá ìwé yẹn! Mo ka lẹ́tà náà lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, mo gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀, mo bá ara mi lẹ́bàá odò. Wọ́n ti gbà kó wá bá mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wà lórí fíṣà náà. Oṣù mẹ́ta péré, tí kò bá tíì wọlé, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, ta ló sì mọ̀ bóyá wọ́n á tún gbà.

Àríkẹ́ ní òun ò lọ.

"Ó ní òun ò mọ̀ ọ́," Màámi sọ ọ́ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó ní ẹni tí kì í dáhùn lórí fóònù, ṣé nínú ilé ni yóò dáhùn? Mi ò lè di ọmọ lókùn bí àgbò iléyá kí n jù ú sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ìwọ ni kó o wá ohun tó o máa sọ fún un."

Mo lọ nu fọ́tò.

Mista Dennis ló bá mi níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ni wọ́n máa ń jókòó sínú yàrá kékeré tó kọjú sí pápá láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń kọ iye ayò sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ojú wọn ò gbé e mọ́, wọ́n ń wá lọ́fẹ̀ẹ́ láti bá wọn tọ́jú ìwé àti fọ́tò àtijọ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" wọ́n bi mí.

"Àwọn wọ̀nyí ni, sà. Mò ń kí wọn."

Wọ́n wo ògiri, wọ́n wò mí. "Ṣé wọ́n ń dáhùn?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n wọn ò bú mi rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn, mo gbé ìjókòó fún wọn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń nu fọ́tò, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa sọ ìtàn wọn fún mi. Èyí tó nírùngbọ̀n yìí, bíríkìlà ni. Ó fi ọwọ́ tó ń mọ ilé ju bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò lè gbá. Ẹni yìí, ọmọ ọlọ́lá ni, àárọ̀ ló ń mu ọtí. Wọ́n fi fọ́tò méjì hàn mí tí wọ́n yà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọ̀kan ṣáájú ogun, ọ̀kan lẹ́yìn ogun. Ọkùnrin mọ́kànlá ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Nínú ti ìkejì, mẹ́rin péré nínú wọn ni mo tún rí.

Wọ́n tún sọ fún mi pé ẹnu ọ̀nà méjì ni ilé náà ní tẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́lá tó ń ṣeré nítorí ìgbádùn ń gba iwájú bọ́ sórí pápá. Àwọn tí wọ́n ń sanwó fún ń gba ẹ̀gbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yẹn lèmi náà ń gbà wọlé láàárọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà tèmi hàn mí." Wọ́n dìde, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn yẹn, àkísà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni mo fi ń nù wọ́n.

Ọ̀kan wà, ọkùnrin dúdú tó wá láti erékùṣù Barbados, ẹni àkọ́kọ́ láti ibẹ̀ tó ṣeré fún ẹgbẹ́ náà. Súẹ́tà méjì ló wọ̀ léra wọn. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, kò dé ojú. Mo mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa. Òun lèmi náà ń rín tí mo bá ya fọ́tò tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé.

Iṣẹ́ tí Mista Dennis ń ṣe lọ́wọ́ ni pé wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó ti ṣeré fún ẹgbẹ́ náà rí ní nọ́ńbà, láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí dórí ẹni tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nọ́ńbà yìí kò wo ọjọ́ orí, kò wo òkìkí. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ kọ́kọ́ tẹ pápá fún ẹgbẹ́ ló ń tẹ̀lé. Wọ́n ní àwọn ìgbìmọ̀ ò tètè lóye rẹ̀.

Mo ní, "Ó yé mi, sà. Bíi ti ìyàwó ilé ni."

"Báwo?"

"Nílé wa, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé la fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé lánàá, tí ìyàwó bá wọlé lónìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni. Ìyàwó á máa kúnlẹ̀ kí i."

"Kúnlẹ̀ kí ọmọ ìkókó?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, sà. Á tún wá orúkọ àpọ́nlé fún un, torí kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an."

Mista Dennis yọ awò ojú wọn. "Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣàlàyé èyí fún àwọn tó kàwé ní yunifásítì! Ìwọ nìkan ló yé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé Peckham bí ẹni gbé ẹyin. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ bóyá o gbọ́n, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú èèyàn sùn dáadáa.

Wọ́n sọ ti Walter fún mi lọ́jọ́ mìíràn. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí ni fọ́tò rẹ̀ wà, tí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á bò ó. Ìlú kan ní ìhà àríwá ló ti wá láti wá ṣeré jẹun. Wọ́n yàn án fún ìdíje kan ṣoṣo. Wọ́n ju kọ́bọ̀ sókè láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kejì ló jẹ, bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa jáde ni òjò dé. Ọjọ́ mẹ́ta leré náà ń gbà láyé ìgbà yẹn, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lòjò fi rọ̀. Walter ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Wọn ò yàn án mọ́ títí láé.

"Òun náà wá ní nọ́ńbà?"

"Ó ní. Wọ́n ti ju kọ́bọ̀ sókè, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àwọn mọ́kànlá. Ó ti wọlé. Òjò ò lè mú un jáde."

Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n mo nu gíláàsì kan náà tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé ọmọ tèmi pọ̀n.

Nígbà tí ó ku bí oṣù kan àtààbọ̀ kí ọjọ́ orí fíṣà náà pé, wọ́n kun ògiri àtẹ̀gùn. A kó gbogbo fọ́tò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, Miss Claire, máníjà ilé náà, sọ fún mi pé, "Bá mi dá gbogbo wọn padà sí ipò wọn. Àwọn ẹbí àwọn eléré àtijọ́ ń bọ̀ ní Sátidé."

Ipò wọn. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ Yorùbá, kí ẹ wá wo ohun tó máa ṣe. Mo yí fọ́tò kọ̀ọ̀kan padà, nọ́ńbà tí Mista Dennis fi pẹ́ńsùlù kọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe wọlé. Ẹni àkọ́kọ́ lókè pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá ńlá, tí àwọn àbúrò rẹ̀ wá ń tẹ̀lé ara wọn bọ̀ nísàlẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe é. Inú mi dùn. Mo ní, ilé wọn ti tò.

Miss Claire dé, ó dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń wo ògiri. Ẹni ńlá kan wà tí fọ́tò rẹ̀ máa ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí gbogbo àlejò ń kọ́kọ́ rí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. A wá a dé àjà kejì.

"Kí ló gbé e débí? Ta sì lèyí tó wà níwájú rẹ̀?"

"Walter ni, mà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Orúkọ bàbá wọn ò dọ́gba!"

"Nínú ilé yìí ni, mà. Oṣù Karùn-ún ni Walter wọlé. Oṣù Kẹfà lọ̀gá yìí tó dé."

Ó wò mí bí ẹni ń wo òjò láti ojú fèrèsé. Ó ní kí n tún gbogbo rẹ̀ tò kó tó di Sátidé. Mista Dennis ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ẹ̀bi, ẹ̀bi ẹni tó kọ nọ́ńbà ni. Wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan pé ẹni ńlá náà á padà sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí àwọn yòókù wà bí mo ṣe tò wọ́n. Miss Claire kò bínú pẹ́, kò ráyè bínú ni.

Ní Sátidé, tíì ni mò ń pín. Mo gbé àwo gòkè, mo bá màmá òyìnbó kan ní àjà kejì, irun wọn funfun báláú, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń wo ògiri, wọn ò mira.

"Ṣé kí n gbé àga wá fún yín, mà?"

Wọ́n ní, "Bàbá mi nìyí."

Mo wo ibi tí wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Ẹni tí òjò rọ̀ sí!"

Mo ti fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ nígbà tí màmá náà bú sẹ́rìn-ín. "Òun náà ni. Ta ló sọ fún ọ? Mo ti wá síbí lẹ́ẹ̀mejì rí, mi ò rí i. Mo rò pé wọn ò gbé e kọ́. Ta ló wá fi í ṣíwájú ọ̀gá yìí?"

"Èmi ni, mà. Òun ló kọ́kọ́ wọlé."

Wọ́n gba tíì, wọn ò mu ún. Wọ́n ní ọmọ ọdún kan làwọn nígbà tí bàbá wọn wá sí London. Lẹ́yìn òjò yẹn, ojú tì í láti padà sílé lọ́wọ́ òfo, ó dúró, ó ń bá wọn gé koríko ní pápá mìíràn. Owó ń dé, òun ò dé. Nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Mi ò pè é ní bàbá," wọ́n ní. "Bàbá ìyá mi ni mò ń pè ní bàbá. Mista Walter ni mò ń pe òun. Nígbà mìíràn màá pè é bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kó lè dùn ún."

Ẹsẹ̀ mi ò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. "Kí ló ṣe, mà?"

"Ó ń dáhùn."

"Ó ń dáhùn?"

"Nígbàkigbà. Bó wà lẹ́yìnkùlé, bó ń jẹun. Màá ní 'Mista Walter!' òun á ní 'Mo ń bọ̀, ọmọ mi.' Ó dáhùn títí ó fi sú mi."

"Ìgbà wo lẹ wá pè é ní bàbá?"

Màmá náà ronú. Mo rí i pé wọ́n ń wá a lóòótọ́. "Mi ò rántí," wọ́n ní. "Wò ó, mi ò rántí rárá."

Mo lọ gbé àwo sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mo sì dúró síbẹ̀. Mo ti ń rò pé orúkọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, pé kí n gbà á padà kí n tó lè jẹ́ ìyá. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n ṣí nǹkan tó bò mí lójú kúrò. Ọmọ mi pè mí fún Sọ́ńdè mẹ́ta, mi ò dáhùn. Ìlú tí kì í dáhùn ìkíni ni mo ń sunkún lé lórí láti ọjọ́ yìí wá, ohun tó ṣe sí mi gan-an lèmi náà lọ ṣe sí ọmọ mi.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pè. Màámi ní, "Ó wà níbí, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ pé òun ò ní sọ̀rọ̀." Mo ní kí wọ́n kàn gbé fóònù sí i létí. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ pè mí.

"Aunty?"

"Mò ń gbọ́, ọmọ mi."

Ó tún un ṣe bíi ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wọn omi wò. "Aunty."

"Àríkẹ́ mi."

"Aunty London."

"Èmi nìyí."

Ó sún mọ́ fóònù. "Tí mo bá wá sí ọ̀dọ̀ yín, ta ló máa máa di irun mi?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ mọ irun dì?"

Mo fẹ́ purọ́. Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti di irun ọmọdé. Ọwọ́ mi á kọ́kọ́ le."

"Ọwọ́ Mummy náà le," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí Màámi má bàa gbọ́. "Tí mi ò bá wá fẹ́ràn ibẹ̀ ńkọ́?"

"Wàá sọ fún mi. Tó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ ò balẹ̀ lóòótọ́, màá mú ọ padà sọ́dọ̀ Mummy."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe Màámi ní Mummy létí rẹ̀. Ó dùn mí wọ eegun. Mo sì mọ̀ pé bí ó bá béèrè ìlérí yẹn lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, mo gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Ó ní, "Ó dáa, mo máa wá wò ó."

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ọjọ́ orí fíṣà náà pé nígbà tí ó wọlé. Ọ̀rẹ́ Mummy Ṣọlá kan tó ń bọ̀ láti ilé ló mú un dání. Láàárín gbogbo èrò pápákọ̀ òfuurufú, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ gbì, ẹrù àwọn èèyàn ń gbá a lẹ́yìn. "Ẹ kú ilé, Aunty." Mo ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi," mo fà á dìde. Ó ga dé èjìká mi. Mi ò mọ ibi tí èèyàn ti ń di irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Ó ń sunkún Màámi, kò jẹ́ kí n rí i, mo sì ṣe bíi ẹni tí kò rí i. Ó máa ń ká aṣọ rẹ̀ padà sínú àpótí láàárọ̀, bíi àlejò tó fẹ́ máa lọ. Mi ò sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé kejì, irun tí Màámi dì fún un ti gbó. Mo gbé òtìtà sílẹ̀, mo mú òróró àti ìyarun. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó. Mo yà á, kò tọ́. Mo tún un yà. Ó ní, "Aunty, ó ń dùn mí." Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," mo sì dẹ ọwọ́ mi. Ó tó wákàtí kan kí n tó di mẹ́ta. Díẹ̀díẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń rọ̀. Ó gbé orí lé orúnkún mi, mo rò pé oorun ti gbé e lọ.

"Aunty."

"Ọmọ mi."

Mo ń retí ohun tó fẹ́ sọ, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo wà níbẹ̀ ni.